Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Mọ Ètò Tí Yóò Ṣí Fáìlì: Àlàyé fún Olùkọ́ àti Olùdánwò Èdè Yorùbá

0. Ìfáàrà

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà mọ ètò tí ó yẹ kí ó fi ṣí fáìlì nígbà tí a bá tẹ orúkọ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, àti bí a ṣe lè mú kí ètò kan pàtó máa ṣí irú fáìlì kan pàtó. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń wá nínú ìwé àwọn olùkọ́ èdè. Ìdáhùn wa ni pé àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń pa lára jù. Ẹni tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lè fi ètò tí kò yẹ ṣí fáìlì rẹ̀ kí ó má sì sí ohun tí yóò ṣe é, nítorí pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì lórí bẹ́ẹ̀ ni kò ní àmì lábẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní àkókò ìdánwò ìgbaradì kan tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan pawọ́ pọ̀ ṣe, a ní àkọsílẹ̀ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé ní igba. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan ni ó tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Kò gbàgbé àmì ohùn, kò gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà. Ó tọ́jú wọn sínú fáìlì tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .csv, ìyẹn ni fáìlì tí kò ní ohunkóhun nínú ju ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tí a fi kọ́mà pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí fáìlì náà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nínú wa, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Excel ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ṣí i. Ohun tí ó rí nìyí:

(1) a. Ṣadé di á¹¢adÃ©
b. Ọlá di á»ŒlÃ¡
d. Ẹ̀bùn di áº¸Ì€bÃ¹n
e. 0047 di 47

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo (1d) dáadáa: àmì owó ilẹ̀ Yúróòpù wà láàárín orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

Olùkọ́ náà kò mọ̀ pé fáìlì kò tíì bàjẹ́ rárá ní àkókò yìí, pé ojú tí a fi wò ó ni kò dára. Bí ó bá ti pa á dé láìtọ́jú ohunkóhun padà, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí ni. Ó jókòó tì í títí di alẹ́, ó ń tún orúkọ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ́jú rẹ̀ padà sí irú fáìlì tí ó bá a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a ṣí i, Ṣadé ti di ?adé, Ọlá ti di ?lá. Àmì ìbéèrè ti gba ipò lẹ́tà, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá láti inú fáìlì yẹn láti mọ lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti nọ́ńbà ni ó tilẹ̀ burú jù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń lo nọ́ńbà onílẹ́tà mẹ́rin, òmíràn ń lo onílẹ́tà mẹ́ta. 0047 wà ní ọ̀hún, 047 wà níhìn-ín. Méjèèjì di 47. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, máàkì ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti èkejì. Ìwé tí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ ni ó kó wa yọ.

1. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè-ìperí

A ó máa lo fáìlì, báìtì àti kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń pè wọ́n. Ètò ni a ó máa pe ohun tí a fi ń ṣí fáìlì tí a sì fi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí Word, Excel àti LibreOffice. Ètò àgbà ni a ó pe èyí tí ó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, bí Windows, macOS àti Linux.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí a bá wo orúkọ fáìlì bí ibeere.docx, a ó rí i pé ó ní apá méjì tí àmì ìdánudúró kan pín. Apá kejì, .docx, ni a ó máa pè ní àfòmọ́ ìparí. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ti àfòmọ́ àárín, a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Àfòmọ́ ìparí ni èdè wa kò ní. Kọ̀ǹpútà ni ó ní in, iṣẹ́ tí ó sì ń fi í ṣe ni láti sọ ìsọ̀rí tí fáìlì wà, gẹ́gẹ́ bí a- nínú akọrin ti ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ní níwájú wa, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àfiwé wa já sí. Bí a bá fi a- mọ́ kọrin, ọ̀rọ̀ tuntun ni a ṣẹ̀dá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí a bá yọ .docx kúrò lára ibeere tí a fi .pdf rọ́pò rẹ̀, a kò ṣẹ̀dá ohunkóhun. Orúkọ nìkan ni ó yí. Ohun tí ó wà nínú fáìlì kò mira.

2. Orúkọ àti ohun tí ó wà nínú

Ohun tí a sọ gbẹ̀yìn yìí ń yọ ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. A ti rí olùkọ́ tí àwọn olùṣètò ìdánwò ní kí ó fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, tí ó kàn yí àfòmọ́ ìparí padà, tí ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí kò rí i ṣí. Ètò tí ń ka PDF gba fáìlì náà nítorí orúkọ rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, kò bá ohun tí ó ń retí, ó sì kọ̀ ọ́.

Kí ni ó ń retí? Ọ̀pọ̀ irú fáìlì ni ó ní àmì ìdánimọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀, tí ojú wa kì í sábà rí. Fáìlì PDF a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Fáìlì .docx, tí Word ń lò láti ìgbà tí Word 2007 ti jáde, a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, PK, nítorí pé àpò tí a di àwọn fáìlì kéékèèké sí ni, irú àpò tí à ń pè ní zip. PK sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé irú àpò náà jáde ní 1989. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe ẹ̀dà fáìlì .docx kan, kí ó yí àfòmọ́ ìparí ẹ̀dà náà sí .zip, kí ó sì ṣí i. Yóò bá àwọn fáìlì mìíràn nínú rẹ̀.

Fáìlì .csv àti .txt kò ní irú àmì ìdánimọ̀ bẹ́ẹ̀ ní dandan. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ṣí wọn ní láti mọ̀, tàbí kí ó ro ó lọ́kàn ara rẹ̀, ìlànà tí a fi sọ lẹ́tà di nọ́ńbà nínú wọn. Ibí yìí ni ìṣòro (1) ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá òde-òní ni a ń tọ́jú ní ìlànà tí à ń pè ní UTF-8. Nínú ìlànà yìí, lẹ́tà a gba báìtì kan, é gba méjì, ẹ gba mẹ́ta. Ẹ̀ gba márùn-ún, nítorí pé Unicode kò ní àyè kan ṣoṣo fún lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó tún ní àmì ohùn lórí. A ní láti kọ ẹ, kí a wá kọ àmì ohùn tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Ètò tí ó bá ń lo ìlànà àtijọ́ tí Windows fún èdè àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù yóò rò pé báìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà kan. Ẹ wò ó:

(2) a. ẹ = E1 BA B9, tí a kà sí á, º, ¹
b. ẹ̀ = E1 BA B9 CC 80, tí a kà sí á, º, ¹, Ì, €

Bí Excel bá ṣí .csv nípa títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì sí àmì báìtì mẹ́ta, EF BB BF, ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà láti sọ fún un pé UTF-8 ni, ìlànà àtijọ́ ni ó sábà máa ń lò. Ìlànà àtijọ́ náà kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹnìkejì wa tún orúkọ tẹ̀ tí ó sì tọ́jú rẹ̀ padà sí .csv lásán, Excel kò rí àyè fún Ṣ, ó fi àmì ìbéèrè sí i. É ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà náà; ìyẹn ni kò fi sí ìyọnu nínú apá ìparí ?adé. Lẹ́tà tí ó bá ti di àmì ìbéèrè kò tún ní ìrántí ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

3. Ibi tí àṣẹ wà

Nígbà náà, ta ni ó sọ fún kọ̀ǹpútà ẹnìkejì wa pé Excel ni kí ó fi ṣí .csv? Òun kọ́ ni ó sọ ọ́. Ètò àgbà kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó fi irú fáìlì mọ ètò. Nígbà tí a bá gbé ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ètò náà yóò forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé yìí pé òun lè ṣí irú èyí àti irú èyí. Excel ti forúkọ sílẹ̀ fún .csv ní ọjọ́ tí wọ́n gbé Office sórí kọ̀ǹpútà náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwé àkọsílẹ̀ yìí kò jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. CP/M, ètò àgbà tí Gary Kildall ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1974, gba lẹ́tà mẹ́jọ fún orúkọ àti mẹ́ta fún àfòmọ́ ìparí. MS-DOS tẹ̀lé e ní 1981. Ìdí nìyí tí a fi ní .doc, .txt àti .jpg, gbogbo wọn onílẹ́tà mẹ́ta. Windows 95 ni ó gba orúkọ gígùn láàyè fún àwọn tí ń lo Windows. Macintosh ti 1984 yàn ọ̀nà mìíràn tí àwa gbà pé ó bọ́gbọ́n mu jù: kò fi ohunkóhun mọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n ó fi àmì onílẹ́tà mẹ́rin méjì pamọ́ sẹ́yìn fáìlì, ọ̀kan fún irú tí fáìlì jẹ́, ọ̀kan fún ètò tí ó dá a. Fáìlì méjì lè jẹ́ irú kan náà kí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù sọ́dọ̀ ẹni tí ó bí i. Àmì náà kì í sábà bá fáìlì dé orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe Macintosh, àfòmọ́ ìparí sì borí nígbẹ̀yìn. Láti 2009 ni Mac OS X kò ti ka àmì ètò tí ó dá fáìlì sí mọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí Linux, kì í ṣe àfòmọ́ ìparí ni a so mọ́ ètò ní tààrà. Àfòmọ́ ìparí, tàbí àmì ìdánimọ̀ inú fáìlì, ni ó ń tọ́ka sí orúkọ ìsọ̀rí kan, bíi text/csv tàbí application/pdf. Ìsọ̀rí yìí ni a wá so mọ́ ètò. Ìlànà ìsọ̀rí náà ti wà láti 1992, fún iṣẹ́ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Windows náà ní ìgbésẹ̀ méjì: .csv tọ́ka sí orúkọ ìsọ̀rí kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní registry, ìsọ̀rí náà ni ó sì ń tọ́ka sí àṣẹ tí yóò gbé ètò dìde. Ẹni tí ó bá ti lóye ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí ti mọ ohun tí ó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

4. Yíyàn pẹ̀lú ọwọ́

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Lórí Windows, a ó fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ fáìlì, a ó yan Open with, lẹ́yìn náà Choose another app. A ó mú ètò tí a fẹ́, a ó sì fi hàn pé Always ni. Lórí Macintosh, a ó yan Get Info, a ó yí ètò padà lábẹ́ Open with, a ó sì tẹ Change All, nítorí pé bí a kò bá tẹ ìyẹn, fáìlì kan ṣoṣo ni àyípadà náà yóò kàn. Láti Windows 8 wá, Windows a máa fi èdìdì di ohun tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá yàn, kí ètò mìíràn má baà yí i padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí yíyàn yìí tó fún àwa olùdánwò. Bí olùkọ́ kan bá sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé LibreOffice ni kí ó máa ṣí .csv, ó ti ṣe ohun tí ó dára, nítorí pé LibreOffice a máa kọ́kọ́ béèrè ìlànà lẹ́tà àti irú tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ó tó ṣí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni. Fáìlì kì í gbé yíyàn náà dání. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ẹni mẹ́wàá ni ó ní láti yàn fúnra wọn, ẹni tí ó bá sì gbàgbé nínú wọn ni yóò ba iṣẹ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù jẹ́.

5. Ẹ̀tàn tí ó wà nínú àfòmọ́ ìparí

Láti Windows 95 ni Windows ti ń fi àfòmọ́ ìparí tí ó bá mọ̀ pamọ́, tí a kì í rí i àfi bí a bá sọ pé a fẹ́ rí i. Wọ́n ní kí ojú àwọn ènìyàn lè rọrùn ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Àfòmọ́ ìparí rẹ̀ gan-an ni .vbs, tí ó ń sọ fún Windows pé kí ó ṣe ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n .vbs pamọ́, .TXT nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kárí ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹni tí ó bá ń gba ìbéèrè ìdánwò láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àfòmọ́ ìparí pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lórí Windows 11, a ó tẹ View, a ó tẹ Show, a ó sì yan File name extensions. Bí a bá wá rí ibeere.pdf.exe, a ó mọ̀ pé ìbéèrè kọ́.

6. Ṣíṣe ètò tiwa

Lẹ́yìn ọ̀ràn tí a ròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọ̀kan nínú wa tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ètò kékeré kan fún wa tí ó ń kó orúkọ àti máàkì jọ, tí ó ń ka UTF-8 nìkan, tí ó sì ń ka nọ́ńbà ìdánwò sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe iye. Ohun àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ ṣe ni kí ètò náà gba .csv lọ́wọ́ Excel. A kò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní fáìlì .csv mìíràn tí kò kan ìdánwò, ti owó ẹgbẹ́ àti ti ilé-ìkàwé, tí ètò tuntun náà kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, a fún fáìlì wa ní àfòmọ́ ìparí tirẹ̀, .maaki. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti .csv, ṣùgbọ́n Excel kò forúkọ sílẹ̀ fún.maaki, kò sì ní jí gbé e bí a bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí kò ní ètò wa bá tẹ̀ ẹ́, Windows yóò béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣí i. Ìbéèrè yẹn gan-an ni a ń fẹ́, nítorí pé yóò mú kí ó dúró ronú, tàbí kí ó pè wá.

Lórí Windows, ohun méjì ni a kọ sínú registry, lábẹ́ HKEY_CURRENT_USER\Software\Classes, níbi tí kò ti sí pé a ń gba àyè lọ́wọ́ alákòóso kọ̀ǹpútà:

(3) a. .maaki tọ́ka sí IweMaaki.Faili
b. IweMaaki.Faili\shell\open\command tọ́ka sí "C:\IweMaaki\maaki.exe" "%1"

%1 jẹ́ ibi tí Windows yóò fi orúkọ fáìlì tí a tẹ̀ sí. Ó dàbí arọ́pò-orúkọ: òun fúnra rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ orúkọ tí ó dúró fún. Ẹ ṣàkíyèsí àmì àyọlò tí ó yí i ká. Ọmọ náà kò fi í sí i nígbà àkọ́kọ́, ètò sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí pé kì í fi àlàfo sínú orúkọ fáìlì. Àwa máa ń fi sí i. Fáìlì tí ó ń jẹ́ Ibeere SS 3.maaki dé ọ̀dọ̀ ètò náà bí orúkọ mẹ́ta, Ibeere, SS àti 3.maaki, kò sì rí ìkankan nínú wọn.

Ìṣòro kejì fi ara pa mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tí a pè ní Ìbéèrè.maaki ń ṣí, èyí tí a pè ní Ẹ̀kọ́.maaki kò ṣí, ó ń sọ pé kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka apá kejì àpilẹ̀kọ yìí ti lè mọ ìdí rẹ̀: Ì, é àti è ní àyè nínú ìlànà àtijọ́, ẹ àti ọ kò ní. Ètò náà ń fi ìlànà àtijọ́ gba orúkọ tí Windows ń fún un, Ẹ sì ti di àmì ìbéèrè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún ibẹ̀ ṣe pé kí ó máa fi Unicode gba orúkọ. Bí ètò kan tí ẹ rà bá ń ṣe irú èyí sí yín, kì í ṣe pé ẹ ṣe àṣìṣe nínú àkọtọ́. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ni kò ronú kan èdè tí ó ní àmì lábẹ́ lẹ́tà.

Ìkẹta ni pé nígbà mìíràn ètò yóò ṣí, ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò ṣí. Èyí fi hàn pé àkọsílẹ̀ inú registry dára, àmọ́ ètò fúnra rẹ̀ kò wo orúkọ tí a fi lé e lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ kò lè ṣe ju pé kí ó pe ètò kí ó sì fi orúkọ fáìlì lé e lọ́wọ́. Kíkà á di ọwọ́ ètò.

Fún àwọn mélòó kan tí wọ́n ń lo Linux, a kọ fáìlì kan tí ó ń jẹ́ iwe-maaki.desktop sínú ~/.local/share/applications. Àwọn ìlà tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni:

(4) a. Name=Ìwé Máàkì
b. Exec=/opt/iwemaaki/maaki %f
d. MimeType=application/x-maaki;

%f níhìn-ín ń ṣe iṣẹ́ tí %1 ń ṣe ní (3b), ṣùgbọ́n a kì í fi àmì àyọlò yí i ká. Ètò àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò mú orúkọ fáìlì pọ̀ sójú kan. Nítorí pé Linux kò mọ ìsọ̀rí application/x-maaki tẹ́lẹ̀, a ní láti kọ fáìlì kékeré mìíràn sínú ~/.local/share/mime/packages tí ó sọ pé gbogbo orúkọ tí ó bá parí pẹ̀lú .maaki jẹ́ ti ìsọ̀rí náà, kí a sì pàṣẹ update-mime-database ~/.local/share/mime. Lẹ́yìn èyí ni a lè pàṣẹ pé:

(5) xdg-mime default iwe-maaki.desktop application/x-maaki

Àwọn kan nínú wa kọ (5) kí wọ́n tó fi ìsọ̀rí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà gba àṣẹ náà láìjiyàn, síbẹ̀ fáìlì .maaki ń ṣí bí ọ̀rọ̀ lásán, nítorí pé text/plain ni ó ń ka ìsọ̀rí wọn sí.

Ó ku fáìlì .csv tí ó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí nínú ètò wa, tí a sì ní láti fi Excel ṣí. A kì í tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. A ó kọ́kọ́ ṣí Excel ní òfìfo, a ó lọ sí Data, a ó yan From Text/CSV, a ó mú fáìlì náà, a ó yan 65001, tí í ṣe nọ́ńbà UTF-8, gẹ́gẹ́ bí ìlànà lẹ́tà, a ó tẹ Transform Data, a ó sì sọ òpó nọ́ńbà ìdánwò di Text kí a tó gbé e wọlé. Nígbà tí a bá ń tọ́jú rẹ̀ padà, CSV UTF-8 ni a ó yàn. Irú yìí wà nínú Excel láti nǹkan bí ọdún 2016, ó sì máa ń fi báìtì mẹ́ta tí a dárúkọ ní apá kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ yóò pé fún ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn wa. Òdo iwájú nọ́ńbà nìkan ni kò lè gbà là: 0047 wà nínú fáìlì náà ní pípé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣì lè rí 47.